Ògiri Tí Bàbá Oníwúrà Rí

Tíì ni mò ń mu lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi obìnrin sọ fún mi pé òun náà ń lọ sí orí òkè tí ẹ̀gbọ́n òun kú sí. Mo gbé ife kalẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń lọ ṣe níbẹ̀.

"Mo ń lọ parí iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ni, Bàbá."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ìlú ahoro yẹn. Ìlú tí wúrà wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé wa. Olùkọ́ ìtàn ni ọmọ mi ọkùnrin ní iléèwé girama, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò kan ti wọ̀ ọ́ lára. Arìnrìn-àjò náà ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gun àwọn òkè tó wà lẹ́yìn odò ńlá, tó ń wá ìlú àtijọ́ kan tí wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ fi wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ òfo ló bá bọ̀. Nígbà kejì, ó mú òrùka wúrà kan bọ̀, ó sì ya ògiri olókùúta sínú máàpù rẹ̀, ó ní òun ti débẹ̀. Ó ń múra ìrìn-àjò kẹta lọ́wọ́ ni àìsàn pa á sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó wá ìlú náà lẹ́yìn rẹ̀ kò fojú kàn án.

Bàbá Oníwúrà ni ìyàwó mi ń pè é. Bí ọmọ náà bá pẹ́ dé síbi oúnjẹ, ìyá rẹ̀ á ní, "Bàbá Oníwúrà ti tún jí ọmọ mi gbé lọ." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọ náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gun òkè lọ, ibà sì dá a dúró síbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti gba ọ̀nà. Wọn kò lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àpò rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún mi. Bàtà náà ti gbẹ gan-an, ó le bí igi.

Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ló kù. Òun ló jókòó níwájú mi yìí tó ń sọ pé òun ń lọ.

"O ò lọ síbì kankan," ni mo wí.

"Bí òjò ọdún yìí bá ti lọ tán ni màá lọ, Bàbá. Mi ò sọ pé lónìí. Ẹ mu tíì yín, kó má baà tutù."

Nọ́ọ̀sì ni. Ohùn tó fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti kọjá ẹni tí mo lè nà, ó sì ti kọjá ẹni tí mo lè tilẹ̀kùn mọ́. Ilé tirẹ̀ ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mu tíì náà. Ó ti tutù.

Nígbà tó lọ tán, mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ nítorí ìlú ahoro ló ṣe fẹ́ lọ, a jẹ́ pé bí mo bá lè fi hàn án pé kò sí ìlú kankan níbẹ̀, yóò dúró. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí nìyẹn. Máàpù yíyà ni mo fi ṣiṣẹ́ ṣe ní ọ́fíìsì àwọn sọ́fíyọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n á lọ wọn ilẹ̀ wá, èmi á yà á. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń fi máàpù parọ́. Mo pinnu pé màá lọ mú Bàbá Oníwúrà níbi tó ti parọ́.

*

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ìwé àti máàpù ọkùnrin náà wà. Nísàlẹ̀, òrùka rẹ̀ wà nínú àpótí onígíláàsì, iná kékeré kan ń tàn sí i lórí, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òrùka ọba kan ni, láti inú ìlú ahoro. Lókè ni yàrá ìkàwé wà. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ sanra, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó ru omi tó kún. "Ẹ fara balẹ̀" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, nítorí náà Fara-balẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń wá kàwé níbẹ̀ ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Wúrà lẹ wá wá?"

"Máàpù ni mo wá wò."

"Ohun kan náà ni. Gbogbo ẹni tó bá ní máàpù lòun wá wò, ṣọ́bìrì rẹ̀ ti wà nínú bùútù ọkọ̀ nísàlẹ̀."

"Èmi ò ní ọkọ̀."

"Háà! A jẹ́ pé ẹ̀yin á fẹsẹ̀ rìn dé ìdí wúrà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yìí."

Ó fa dúrọ́ọ̀ kan tó fẹ̀ bí ibùsùn, ó gbé máàpù àkọ́kọ́ jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àwọn àpò kéékèèké tí iyanrìn wà nínú wọn tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ìkejì wá pẹ̀lú. Kò tètè kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Ẹ jọ ọmọkùnrin kan tó máa ń wá síbí," ló wí. "Olùkọ́ ni. Bẹ́ ẹ ṣe ń fi ìka ra imú yẹn gan-an ni tiẹ̀ náà. Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo rí i kẹ́yìn."

"Ọmọ mi ni. Ó ti kú."

Fara-balẹ̀ kò sọ pé kí n fara balẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé, ó sì lọ bá mi wá àga tó ní tìmùtìmù.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ. Mò ń wá irọ́. Irọ́ inú máàpù kì í pamọ́ fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà: odò òpùrọ́ a máa tẹ̀ dáadáa jù, òkè rẹ̀ a máa gún régé, nítorí inú orí ló ti ń yọ wọ́n. Mi ò rí irú rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Oníwúrà kò gbọ̀n, kò sì ṣe àbùlà. Ibi tí kò bá dé, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ibi tó bá gbọ́ látẹnu ẹlòmíràn, ó fi àmì kéékèèké tò ó, kò fa ìlà. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń yí lókè orí mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣí ìwé wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, inú sì ń bí mi sí ọkùnrin tó ti kú. Mo ti fẹ́ kó jẹ́ òpùrọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tó dà bí àbùkù ni aago rẹ̀. Nínú ìròyìn ìrìn-àjò kejì, ó ní aago òun bọ́ sómi níbi tí àwọn ti ń sọdá, ó sì dúró. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí aago rẹ̀ bá dúró sínú igbó lè fi oòrùn mọ bí òun ṣe jìnnà tó sí àríwá tàbí gúúsù, ṣùgbọ́n bí òun ṣe jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, á kàn máa fojú bù ú ni. Ìrìn-àjò kejì yìí kan náà ló gba ẹ̀yìn òkè wọlé, kò gba ọ̀nà àkọ́kọ́. Mo mọ gbogbo èyí, mi ò sì tíì mọ ohun tí màá fi ṣe. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Fara-balẹ̀, mo fi pẹ́ńsù tó rọ̀ da máàpù méjèèjì kọ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ń là kọjá. Ó dúró lé mi lórí títí mo fi parí, ó ń mí bí ẹni tó ń gbé ẹrù.

*

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tí tábìlì wa kọjú síra wọn. Rúlà ni a ń pè é, nítorí ó gùn, ó tín-ín-rín, kì í sì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní tábìlì onígíláàsì kan nílé tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí a fi ń da máàpù kọ láyé ọjọ́un. Aṣọ ni ìyàwó rẹ̀ ń kó lé e lórí báyìí. Rúlà ń kó aṣọ náà kúrò, ìyàwó rẹ̀ sì ń kùn láti inú yàrá.

"Ẹ̀yin arúgbó méjì yìí, kí aṣọ mi má kanlẹ̀ o!"

"Kò kanlẹ̀. Àyà mi ló wà," ni Rúlà dáhùn.

Mo tẹ́ bébà kejì lé àkọ́kọ́. Rúlà tan iná. Kò sí ohun tó bára mu. Gbogbo rẹ̀ rí wúruwùru bí irun tí a kò yà.

Rúlà tẹjú mọ́ ọn. "Ìwọ, ta ló ya èyí?"

"Mo ti sọ fún ẹ. Bàbá Oníwúrà."

"Mo gbọ́. Mo ní kí ló dé tó ya odò kan lẹ́ẹ̀mejì?"

"Odò wo?"

Rúlà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé bébà tó wà lókè, ó sì ń rọra tì í lọ sí ìwọ̀-oòrùn, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Odò méjèèjì ń súnmọ́ra. Ibi tí ọ̀kan ti ṣẹ́ bí ìgúnpá, ibẹ̀ náà ni ìkejì ti ṣẹ́. Erékùṣù kékeré ti òkè bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀. Òkè olórí méjì bọ́ sórí òkè olórí méjì. Nígbà tí ọwọ́ Rúlà fi dúró, odò kan ṣoṣo ló kù lórí tábìlì.

"Níbo ni ìlú ahoro yẹn wà?" Rúlà bi mí.

Mo fi ìka hàn án lórí bébà òkè: ògiri mẹ́rin, létí odò.

"Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, lórí máàpù àkọ́kọ́?"

Mo tẹ̀ síwájú, mo ti jígí ojú mi sókè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi da ọ̀rọ̀ náà kọ, síbẹ̀ ṣe ni mo kà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. "Ilé ẹrù wa."

Nígbà tí Bàbá Oníwúrà kọ́kọ́ lọ, ó ní kí àwọn aláàárù òun fi òkúta mọ ilé kan tí wọn yóò kó ẹrù sí. Ó fi wọ́n sílẹ̀ sídìí iṣẹ́ náà, ó gòkè lọ. Ìgbà tó fi sọ̀ kalẹ̀, ilé ti dúró, wọ́n ti fi ewé bo òrùlé rẹ̀, ara òun fúnra rẹ̀ kò sì yá. Àkéte ni wọ́n fi gbé e kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Òrùlé jẹrà, igi hù láàárín ògiri, ìtàkùn bò ó. Ó wá padà dé láti ẹ̀yìn òkè, láìní aago, ó rò pé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí lòun wà. Ó rí ògiri.

Rúlà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú. "Ó ṣìnà títí ó fi délé! Áà, Bàbá Oníwúrà! Ó ń wá ìlú àwọn ará ìgbàanì kiri, ó sì lọ bá ilé ẹrù ara rẹ̀!"

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ọkùnrin kan ló sọnù."

"Ìyẹn wá ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín?"

Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan mìíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹrù náà, níhà odò, àmì kékeré kan wà lórí máàpù àkọ́kọ́, ó sì kọ ọ́ sí i pé: "Sàréè ọ̀rẹ́ mi." Ẹnì kejì rẹ̀ lójú ọ̀nà ló kú síbẹ̀. Mo fi hàn Rúlà. Ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀.

"Níbo ló ní òun ti rí òrùka yẹn?"

"Ó ní òun gbẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, níhà odò. Ó ní òun bá eegun ẹni ńlá kan, òrùka wà níka rẹ̀."

"Kò mọ̀ ọ́n?"

"Kò mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ pé ọba ni."

Rúlà pa iná tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ padà sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

*

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọmọ mi kò lọ síbi iṣẹ́ ni mo gbé bébà méjèèjì lọ bá a. Àgbékà òkè pátápátá ló ń gbé. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun. Mo gbé àwọn bébà náà mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀yìn wọn wá, mo sì ṣe bí Rúlà ti ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí aago dé orí òrùka. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn kẹ́yìn. Mo rò pé mo ti gbà á padà.

"Nítorí náà, kò sí ìlú," ni mo wí. "Kò sí wúrà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún ń lọ wá níbẹ̀."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ojú rẹ̀ wà lára bébà.

"Níhà ibo lẹ ní sàréè ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà?"

"Níhà odò. Ẹsẹ̀ ògiri gan-an."

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Kò rẹ̀ mí."

"Ẹ ṣáà jókòó."

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ibẹ̀ ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi sí," ló wí. "Olùkọ́ ìṣirò tó bá a lọ ló sọ fún mi. Ó ní òkúta ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, àwọn gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ àwọn fi bó. Ẹsẹ̀ ògiri níhà odò nìkan ló rọ̀. Ó ní ó rọ̀ bí ibi tí ẹnì kan ti bá àwọn gbẹ́ sílẹ̀."

Mo fi ìka wá àmì sàréè náà lórí bébà.

"Ó tún sọ nǹkan kan. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wo ògiri, ó wo odò, ó wo òkè olórí méjì yẹn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n rò pé ibà ti gun orí rẹ̀ ni."

Mo wo bébà tó wà lọ́wọ́ mi. Máàpù kan náà ni òun náà ti jókòó tì ní yàrá ìkàwé, kó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀.

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwòrán àwọn ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ wọn, ògiri olókùúta tí igi ti là láàárín wà lẹ́yìn wọn. Ihò tò lọ lẹ́sẹ̀ ògiri náà.

"Ta nìwọ̀nyí?"

"Àwọn tó ń wá wúrà. Látìgbà tí ìwé ìròyìn ti gbé e pé olùkọ́ kan kú sídìí wúrà, ṣe ni wọ́n ń gun ibẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó ti rí i kó tó kú. Ògiri ìhà òkè lẹ̀ ń wò yìí, wọn ò tíì yí dé ìhà odò."

"O ti mọ̀ nípa èyí tẹ́lẹ̀?"

"Mo ti ń ṣọ́ wọn nínú àwòrán tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé òjò máa lé wọn wálé ni, kí èmi náà wá lọ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín yìí: eegun ló jẹ́ kí Bàbá Oníwúrà rò pé òun ti bá ọba. Bí àwọn yìí bá wá kan eegun..." Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ. "Ọ̀sẹ̀ yìí ni mò ń lọ. Màá gbé e kúrò níbẹ̀."

"O sọ fún mi pé ìlú ahoro lò ń lọ wá."

"Mo parọ́ fún yín. Bí mo bá ní sàréè ni mò ń lọ wò, ẹ̀yin náà á ní ẹ̀ ń bọ̀."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Orúnkún yín, Bàbá."

"Kí ló ṣe orúnkún mi?"

"Ẹ sinmi ní gbogbo àgbékà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi yìí. Mò ń gbọ́ yín lórí àtẹ̀gùn. Ẹ tiẹ̀ kí obìnrin ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà mọ̀ pé ẹ̀ ń mí hẹlẹ."

Mo dìde. "Mi ò gbà fún ẹ."

"Mo mọ̀, Bàbá." Ó ká aṣọ funfun náà, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

*

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí wọ́n tó ṣí i. Mo fi bébà méjèèjì han Fara-balẹ̀. Mo ní kí wọ́n jáde sọ ọ́, nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò, níbikíbi, pé kò sí wúrà níbẹ̀, kí àwọn ọkùnrin yẹn lè gbé ṣọ́bìrì wọn wálé. Bí wọ́n bá wálé, ọmọ mi kò ní ìdí láti lọ nínú òjò.

Ó wò ó pẹ́. Ó lọ mú fọ́tò kan wá, èyí tí wọ́n yà kí ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tó gbéra. Bàbá Oníwúrà dúró lápá kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lápá kejì, ó gbé ọwọ́ lé orí ọ̀pá. Òrùka ìgbéyàwó wà níka rẹ̀, òun náà ló wà nínú àpótí onígíláàsì nísàlẹ̀.

"Bàbá, mo gbà yín gbọ́," ni Fara-balẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ló ń pinnu ohun tí a ń kọ sábẹ́ nǹkan, wọn ò sì ní jókòó títí òjò á fi lọ."

"Ìwọ fúnra ẹ sọ ọ́."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé kò sí ọba. Pé òrùka ìgbéyàwó ẹnì kan ni, inú sàréè rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́."

"Wọ́n á bi mí pé, sàréè wo? Níbo?" Ó wò mí lójú. "Kí ni kí n dá wọn lóhùn, Bàbá? Ẹsẹ̀ ògiri níhà odò? Ẹni tó bá ń wá wúrà, tó gbọ́ pé ibẹ̀ ni òrùka wúrà ti jáde, ibo lẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ gbẹ́?"

Mo ká bébà mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti wá bẹ̀bẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀, n kò sì kúrò níbẹ̀ kí n tó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó búra fún mi. Ó sìn mí dé ìsàlẹ̀, ó dì mí lápá lórí àtẹ̀gùn láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

*

Nígbà tí ọmọ mi dé ilé mi, ó ti ra bàtà roba. Ó ní olùkọ́ ìṣirò yóò bá òun lọ.

"Ẹ ya ọ̀nà náà fún mi, Bàbá."

"Mi ò yà á. Olùkọ́ ìṣirò ti débẹ̀ rí. Kó mú ẹ lọ."

"Ọ̀nà tí wọ́n gbà, ọ̀nà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wọ́ odò náà kọjá nígbà yẹn. Ó ní òun ò mọ ibi tí èèyàn ń gbà nígbà òjò."

Èmi mọ̀ ọ́n. Ìgbà òjò ni ìrìn-àjò àkọ́kọ́, Bàbá Oníwúrà sì ya ibi tó ti rí àyè sọdá, lókè, níbi tí odò ti há láàárín àpáta méjì. Mo jókòó, mo wo ọmọ náà. Bí n kò bá yà á, á lọ. Á wọ odò níbi tí kò yẹ. Bí mo bá yà á, èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán an lọ. Mo yí ọ̀rọ̀ náà títí, mi ò rí ibòmíràn tí màá gbé e gbà.

Mo ní kó tan iná, kó sì mú pẹ́ńsù wá.

"Mi ò tíì gbà fún ẹ o," ni mo wí, bí mo ṣe ń fa etí odò.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà máa yà á."

"Àpáta méjì lèyí. Bí omi bá ti bo èyí tó kéré, ẹ padà. Ẹ má dúró wò ó. Ẹ kàn padà."

"Mo ti gbọ́."

"Kó o gbọ́ dáadáa."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Mo ya òkè olórí méjì. Mo ya erékùṣù. Mo ya ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ ògiri níhà odò, mo gbé pẹ́ńsù sókè, ó sì dúró lókè bẹ́ẹ̀. Ní ọ́fíìsì, a ní àmì tí a fi ń ya kànga, a ní ti afárá, a ní ti ibi ìsìnkú gbogbo ìlú. Mi ò mọ àmì ti ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ mi gba pẹ́ńsù náà lọ́wọ́ mi, ó fi àmì tirẹ̀ sí i, ó ká bébà náà sínú ọ̀rá.

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, olùkọ́ ìṣirò jókòó tì í, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láti orí àga títí orí rẹ̀ fi gbá irin. Ó dàbọ̀ nìkan la sọ fún ara wa. Ọkọ̀ náà kún, ó lọ.

Ó pè mí láti etí odò ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ariwo omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Bàbá, a ti dé ibi àpáta méjì yẹn. Bẹ́ ẹ ṣe yà á náà ló rí."

"Omi ńkọ́?"

"Ó ti ń kún."

"Àpáta kékeré ńkọ́? Ṣé ò ń rí i?"

"Mò ń rí orí rẹ̀."

"Ẹ padà."

"Bàbá? Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ẹ padà! Orí rẹ̀ nìkan kò tó!"

"Mi ò gbọ́ yín mọ́. Bàbá? Bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ má dààmú, okùn wà lọ́wọ́ wa."

Mo wà lórí ìdúró láàárín pálọ̀. Mo sọ fún un pé kí wọ́n so okùn náà mọ́ igi, kì í ṣe mọ́ òkúta. Mo ní kó má bọ́ bàtà. Mo ní kó jẹ́ kí olùkọ́ kọ́kọ́ wọ omi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó mọ̀ pé ariwo omi ti dákẹ́ nínú fóònù.

Mo pè é padà. Ohùn obìnrin kan sọ fún mi pé ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo tún pè. Ó tún sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú sùúrù.